Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ àti Arọ: Ìtàn Ìjì Ńlá ní Ilẹ̀ Kúbà

Òwe kan wà tí tọmọdé tàgbà wa mọ̀, tí a sì máa ń pa láìfi ọkàn bá a lọ: ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ibi ìsìnkú ni mo sì ti gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya ní Ìbàdàn, ó ya wọ ilé onílé, ó sì gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ. Ní agbo ilé wa, tí kò jìnnà sí odò, bàbá onígbàjámọ̀ kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Yàrá tí ó kọjú sí odò ni ó ń gbé. Nígbà tí omi dé, olúkúlùkù gbé ọmọ tirẹ̀, ó di orí òkè. Orí òkè ni a wà tí ìyá mi fi kígbe pé, "Ta ni ó mú Bàbá Onígbàjámọ̀?" Kò sí ẹni tí ó mú un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni a rí òkú rẹ̀.

Ní ibi ìsìnkú náà, àgbà kan mi orí, ó pa òwe yẹn, ó ní bàbá náà ìbá ti gbọ́n kí ó tètè kúrò. Ìyá mi kì í dá àgbà lóhùn, ṣùgbọ́n ó dáhùn lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ta ni ó sọ tẹ́lẹ̀ fún un? Bí wọ́n bá sì sọ fún un, ta ni ìbá gbé e?" Àgbà náà kò fèsì.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè méjèèjì yìí ti ń bá mi rìn. Nígbà tí mo sì dàgbà, tí mo fi ìtàn ṣe iṣẹ́, mo rí i pé ilẹ̀ kan wà tí ó ti fi ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wá ìdáhùn sí wọn. Ilẹ̀ náà ni Kúbà. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dé ibẹ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì ni mo ń mú yín lọ pátápátá. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́, tí ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ènìyàn wa ni a tà sí Kúbà, tí wọ́n ń ṣe ẹrú nínú oko ìrèké àti oko kọfí. Lùkùmí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ọdún 1886 ni ìjọba Sípéènì tó fi òpin sí oko ẹrú ní erékùṣù náà. Wọn kò gbàgbé Ọya, obìnrin Ṣàngó, ẹlẹ́fúùfù; títí di òní, àwọn ará Kúbà ń kí i ní Oyá àti ní Yansá, wọ́n sì gbà pé òun ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú. Ẹni tí ó bá ti rí ohun tí ìjì ń ṣe ní Kúbà kò ní béèrè ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi fi ẹlẹ́fúùfù sí ẹnu itẹ́.

Ìjì náà pẹ̀lú, láti ọ̀dọ̀ wa ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń gbéra. Ní ìgbà òjò, ìrúkèrúdò òfuurufú a máa ti ìhà ìlà-oòrùn gba orí pápá tí ó wà ní àríwá wa kọjá lọ sí ìwọ̀-oòrùn, a sì bọ́ sí orí Òkun Àtìláńtíìkì. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn a kú sí ojú òkun. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá bá omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pàdé, tí afẹ́fẹ́ òkè kò sì tú u ká, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òòyì, yóò máa mu ooru òkun bí ẹní mu ẹ̀kọ, yóò sì máa dàgbà bí ó ti ń lọ. Nígbà tí ìyára afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá dé kìlómítà 119 ní wákàtí kan, ó ti di ohun tí àwọn Taíno, àwọn onílẹ̀ erékùṣù wọ̀nyẹn, ń pè ní huracán. Ẹnu wọn ni àwọn ará Sípéènì ti gba ọ̀rọ̀ náà, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà sì gbà á. Nítorí náà, ojú òkun kan náà tí a fi ọkọ̀ kó àwọn ènìyàn wa gbà ni ìjì náà ń gbà, láti oṣù Kẹfà títí di òpin oṣù Kọkànlá lọ́dọọdún.

Ẹ má ṣe fi ìjì yìí wé èyí tí ń ká páánù ilé wa ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, tí ó ń jà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó sì lọ. Òmíràn nínú wọn fẹ̀ débi pé bí a bá tẹ́ ẹ sí orí ilẹ̀ wa, yóò bo láti Èkó dé Kánò. Ó ní ojú ní àárín, ojú náà sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé ìjà ti parí, yóò jáde lọ wo ohun tí ó bàjẹ́. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yóò ti yí padà, tí yóò ti òdìkejì fẹ́ dé. Omi rẹ̀ sì burú ju afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí ìjì náà a máa ti òkun síwájú títí yóò fi gun orí ilẹ̀.

Ní ayé ìṣáájú, orúkọ ẹni mímọ́ tí ọjọ́ rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ tí ìjì bá jà ni àwọn ará Sípéènì fi ń pe ìjì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ọmọ ní Abíọ́dún tàbí Abíọ́nà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1844, ìjì Fransis Mímọ́ ti Asisi kọ lu Havana. Kí wọ́n tó tún ilé kọ́ tán, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1846, ìjì Fransis Mímọ́ ti Borja dé, ó sì burú ju ti ìṣáájú lọ. Ó rì ọkọ̀ ní èbúté, ó wó ilé, ó sì run oko kọfí. Louis Pérez, òpìtàn kan tí ó kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 2001, fi hàn pé ìjì ọdún wọ̀nyẹn wà lára ohun tí ó fọ́ iṣẹ́ kọfí ní ìwọ̀-oòrùn Kúbà. Igi kọfí a máa gba ọdún bíi mẹ́ta sí mẹ́rin kí ó tó so; ìrèké kò gbà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn olóko tí wọ́n ti jẹ gbèsè ta ẹrú wọn tàbí kí wọ́n fi wọ́n háyà fún àwọn oníṣúgà. Gbogbo ẹni tí ó bá sì mọ ìtàn oko ẹrú mọ̀ pé iṣẹ́ ìrèké ni ó ń tètè pa ènìyàn jù. Àwọn Lùkùmí wà nínú wọn. Ìjì fẹ́ fún ọjọ́ kan, ẹrú sì san gbèsè rẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó ń sọ tẹ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ọlọ́lá tàbí ẹrú.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè ìkíní ìyá mi ni àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan, Benito Viñes, ọmọ Sípéènì. Ní ọdún 1870 ni ó dé Havana láti ṣe olórí ilé ìṣọ́ojú-ọjọ́ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì Belén. Ojoojúmọ́ ni ó ń wo òfuurufú tí ó sì ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé kí ìjì tó dé, àwọn ìkúukùu tín-ínrín kan tí ó funfun bí ìyẹ́ lékeléke a máa nà jáde láti ibi kan ní ẹsẹ̀ òfuurufú, bí ìgbà tí abẹ̀bẹ̀ bá ṣí, àti pé ibi tí wọ́n ti nà wá ni ìjì wà. Ó ń wo bí ìgbì òkun ti ń yí padà. Lẹ́yìn tí ìjì bá ti lọ, yóò wọ ọkọ̀, yóò gun ẹṣin, yóò lọ sí ibi tí ó bàjẹ́, yóò máa béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ pé: apá ibo ni afẹ́fẹ́ ti kọ́kọ́ wá? apá ibo ni igi wó sí? Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1875, ó kéde nínú ìwé ìròyìn pé ìjì kan ń bọ̀. Ìjì náà sì dé. Lẹ́yìn èyí ni ó fi wáyà tẹligíráàfù so àwọn ènìyàn pọ̀ láti erékùṣù dé erékùṣù, kí ẹni tí ìjì bá kọ́kọ́ bá lè kígbe sí ẹni tí ó kù. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1893, kò sí atukọ̀ kan ní agbègbè náà tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n sísọ tẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí gbígbọ́. Èyí ni ìbéèrè kẹta, tí ìyá mi kò béèrè. Ìtàn ìgbàanì ti kọ́kọ́ fi í hàn wá. Ní ọdún 1502, Christopher Columbus dé èbúté Santo Domingo, ó sì kìlọ̀ fún gómìnà ibẹ̀ pé ìjì ń bọ̀, kí ó má ṣe jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ tí ó fẹ́ lọ sí Sípéènì ṣíkọ̀. Gómìnà kò kà á sí. Ó lé ní ogún ọkọ̀ tí ó rì.

Ní ọdún 1900, ọ̀rọ̀ náà tún ṣẹlẹ̀. Àwọn Amẹ́ríkà ti lé Sípéènì kúrò ní Kúbà ní ọdún 1898, wọ́n sì ti mú ilé iṣẹ́ ojú-ọjọ́ tiwọn wá. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn fi ojú kéré àwọn onímọ̀ Kúbà, wọ́n ní ẹlẹ́rù wẹ́wẹ́ tí ń dáyà já ará ìlú ni wọ́n. Nígbà tí oṣù Kẹjọ ọdún náà ń parí lọ, wọ́n gba àṣẹ kí a má ṣe jẹ́ kí ìròyìn ojú-ọjọ́ láti ọwọ́ àwọn ará Kúbà gba orí wáyà ìjọba kọjá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ìjì kan kọjá lórí Kúbà. Àwọn ará Washington ní yóò yí sí ìhà Florida. Àwọn onímọ̀ Belén, tí wọ́n kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Viñes, wo ojú sánmọ̀, wọ́n ní rárá, ó ń lọ sí ìhà Texas. Kò sí wáyà tí yóò gbé ọ̀rọ̀ wọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, òkun bo ìlú Galveston ní Texas, ó sì pa ènìyàn tí kò dín ní 6,000. Àwọn mìíràn kà á ní 8,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di òní, kò sí àjálù ojú-ọjọ́ tí ó tíì pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ rí i pé kì í ṣe àìmọ̀ ni ó pa wọ́n. Ìmọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tí a kò kà sí ni ó ti jáde.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ arọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1932, ìjì ńlá kọ lu Santa Cruz del Sur, ìlú apẹja kan ní gúúsù Kúbà tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sí etí òkun. Òkun ga sókè ju mítà mẹ́fà lọ, ó gba orí ìlú náà kọjá. Nǹkan bí 3,000 ènìyàn ni ó kú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1963, ìjì tí wọ́n pè ní Flora dé ìlà-oòrùn Kúbà. Dípò kí ó kọjá lọ, ó ń pòòyì lórí ilẹ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́rin, òjò kò sì dá. Odò Cauto kún dé orí igi. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí omi gbé lọ, àgbẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn.

Flora ni ó yí ọ̀rọ̀ Kúbà padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìdídò láti káwọ́ àwọn odò náà. Ní ọdún 1966, wọ́n ṣe òfin tí ó dá ẹgbẹ́ ìdáàbòbò ará ìlú sílẹ̀. Láti ọdún 1986, lọ́dọọdún kí ìgbà ìjì tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìlú ń ṣe ìdánrawò fún ọjọ́ méjì. Wọ́n pín ọ̀rọ̀ ìjì sí ìpele mẹ́rin: ìgbà ìròyìn, ìgbà ìmúrasílẹ̀, ìgbà ìdágìrì, àti ìgbà àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú mi lọ́kàn jù ni ìwé tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Nínú rẹ̀ ni a ti mọ ilé tí aboyún wà, ilé tí àgbàlagbà ń dá gbé, ilé tí ẹni tí kò lè rìn wà, àti ẹni tí yóò gbé e. Wọn kì í dúró di ìgbà tí omi bá dé kí wọ́n tó béèrè pé ta ni ó mú Bàbá Onígbàjámọ̀.

Ọdún 2008 ni a dán ètò yìí wò gidigidi. Ìjì 16 tí a fún ní orúkọ ni ó jà ní òkun náà lọ́dún náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ, Fay kọjá lórí Kúbà. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, Gustav dé, ó gba Erékùṣù Ọ̀dọ́ lọ sí Pinar del Río. Ní Paso Real de San Diego, afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́ dé kìlómítà 340 ní wákàtí kan. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tí ó kú ní Kúbà. Àwọn ènìyàn padà sí ilé, wọ́n ń ṣa páánù jọ, wọ́n ń kan ìṣó. Ọjọ́ mẹ́jọ péré lẹ́yìn èyí, ní alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, Ike gúnlẹ̀ ní Holguín ní ìlà-oòrùn. Ó tọ etí erékùṣù náà títí ó fi tún kọ lu Pinar del Río ní ọjọ́ 9. Páánù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tún ká lọ. Ike yìí, láti etí òkun ilẹ̀ adúláwọ̀ ni ó ti gbéra ní ìparí oṣù Kẹjọ.

Ẹ ro ó wò. Bí a bá sọ fún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan pé kí ó jáde nílé, yóò jáde. Bí a bá sọ fún un lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, yóò kùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, yóò ní, "Ẹ jẹ́ kí n kú sí ilé mi." Àárẹ̀ a máa pa ènìyàn ní ìgbà ìjì bí ìjì fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, iye àwọn tí ó ṣí kúrò nílé nítorí Ike lé ní mílíọ̀nù méjì, ní ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù mọ́kànlá nígbà náà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò lọ sí ilé ìjọba. Ilé ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò tí ó ní ògiri tí ó lágbára ni wọ́n lọ. Wọ́n sì ń bá wọn kó fìríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti ẹran ọ̀sìn wọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé olè ni ẹlòmíràn ń bẹ̀rù ju ìjì lọ. Ènìyàn méje ni Ike pa ní Kúbà. Ní Haiti, tí ó wà nítòsí ibẹ̀, tí a ti gé igi orí òkè rẹ̀ tán, tí kò sì sí irú ètò yìí, ìjì mẹ́rin ọdún kan náà pa ènìyàn tí ó tó 800.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá, Paloma dé. Ibo ni ó gúnlẹ̀? Santa Cruz del Sur ni, nígbà tí ó ku ọjọ́ kan kí ọdún 1932 pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Òkun tún wọ ìlú, ó tún wó ilé. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kò sí nílé. Wọ́n ti kó wọn kúrò. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí omi gbé lọ ní ọdún 1932 padà dé, wọ́n sì bá ilé tí ó ti wó. Ẹni tí ó bá wà láàyè ni ó ń sunkún ilé.

Èmi kò fẹ́ sọ ìtàn yìí ní àsọdùn. Òpìtàn tí ó bá fi apá kan pamọ́, onírọ́ ni. Ìjì mẹ́ta ọdún 2008 ba ilé tí ó lé ní 500,000 jẹ́ ní Kúbà, iye ohun tí ó ṣòfò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là bílíọ̀nù mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn mìíràn fi ń gbé abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígbà díẹ̀. Ní ọdún 2017, Irma pa ènìyàn mẹ́wàá. Ilé àtijọ́ tí a kò tún ṣe ni ó wó pa àwọn kan nínú wọn ní Havana. A mọ bí a ti ń kó ènìyàn kúrò nínú ilé, ṣùgbọ́n a kò tíì rí owó tún ilé náà ṣe. Àwọn kan sì wí pé ó rọrùn láti kó ènìyàn jáde ní ibi tí a kì í ti í bá ìjọba jiyàn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n àṣẹ nìkan kò gbé arọ rí. Aládùúgbò ni ó ń gbé e. Bí aládùúgbò kò bá sì fẹ́, kò sí òfin tí ó lè fi agbára mú un rántí ẹni tí ó wà nínú yàrá iwájú.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ òwe wa. Mo ti wá rí i pé àwọn baba wa kò ṣìṣe, àwa ni a kò gbọ́ ọ yé. A rò pé arọ nìkan ni òwe náà ń bá wí, pé kí ó gbọ́n. Ṣùgbọ́n "àgbọ́tẹ́lẹ̀" wà nínú rẹ̀: ẹnìkan gbọ́dọ̀ wò, gẹ́gẹ́ bí Viñes, ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ, a sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọjá, láìka ẹnu tí ó ti jáde sí. Ọgbọ́n arọ sì ni pé kí ó ti mọ ẹni tí yóò gbé òun kí ogun tó dé. Bí kò bá rí ẹni náà, a kò lè sọ pé kò gbọ́n. Àwa tí a bá a gbé ni a kò gbọ́n.

Ìyá mi ti lọ. Títí ó fi kú, nígbàkígbà tí òjò bá ṣú ní oṣù Kẹjọ, yóò jáde sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa pe àwọn arúgbó àdúgbò ní orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo wọn yóò fi dáhùn. Àwa ọmọ a máa fi í rẹ́rìn-ín. Èmi kò fi í rẹ́rìn-ín mọ́.